Ọjọ́ tí Bàbá Pe Oríkì Màmá Níwájú Kámẹ́rà

Ọjọ́ tí mo ya fọ́tò àwọn òbí mi nínú ọgbà kan ní Maitama kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe.

Mo ní kí wọ́n kẹ́yìn sí oòrùn tó ń wọ̀. Láìsí fíláàṣì, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí mo tan fíláàṣì, ojú wọn funfun bí ẹfun, ojú sánmà tó pọ́n bí epo sì ṣókùnkùn. Mo dín agbára fíláàṣì kù títí òun àti oòrùn fi bára mu. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí fíláàṣì bá kọ mànà, Màmá á dijú.

"Kai! Oòrùn ń lọ o!" ni mo pariwo.

Orúkọ tèmi, "Ìyá Ṣọlá", ni Bàbá máa ń fi pe Màmá lójú àwa ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rọra tẹ̀ sí etí Màmá, wọ́n ní: "Àbẹ̀kẹ́, wò mí."

Màmá lajú, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Mo tẹ kámẹ́rà. Oòrùn wọ̀.

Fọ́tò náà wà lára ògiri ilé wọn ní Jikwoyi. Bí àlejò bá yin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, Bàbá á ní, "Ṣọlá mọ fíláàṣì lò." Màmá kàn máa ń wo Bàbá ni.