Imọ̀ Ọ̀pẹ Lára Pijó

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Pijó àtijọ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní Adó. Òórùn pẹtiróòlù rẹ̀ mú mi padà sí ọ̀sán kan lágbàlá wa.

"Ọkọ̀ Ìjàpá tèmi kì í gbóná," bàbá mi ní. "Kì í sì í béèrè omi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà," àbúrò wọn dáhùn. "Níbo nìyàwó wa fẹ́ nà sí? Ẹ̀yìn Pijó mi gùn."

Bàbá mi gbà. Inú mi dùn, torí ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé Pijó ló dáa jù. Wọ́n ṣáà ní àwọn fẹ́ gbé màámi kúrò ní ọsibítù lọ sí Ìjan, ìlú wa. Nígbà tí wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú Pijó, mo rò pé irú èyí tí a máa ń fì ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú Àjíǹde ni. Mo já ewé kan, mo ń kọ Hòsánà yí ọkọ̀ ká. Àwọn àgbà tó kún àgbàlá yẹn ń so imọ̀ tiwọn lọ. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ tó fẹ́ gbé òkú ni wọ́n ń so imọ̀ mọ́.

Bí Pijó ṣe ń jáde, mo pariwo pé kí wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, kí màámi lè mọ bó ṣe ń sáré tó.