Háríhá Àárín Ìwé

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Òkèrèwè, tí a ń pè ní Màmá, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀, ó sì ṣojú mi, àmọ́ n kò mọ̀ pé ó ti di ìtàn títí Màmá fi sọ ọ́ lójú ìyàwó mi, tó ń fọwọ́ júwe bí mo ṣe ń kàwé.

Mo ti kọjá àádọ́ta ọdún nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwé kíkà kíákíá ní Modákẹ́kẹ́. Ó ní ẹni tí ètè rẹ̀ bá ń mì bó bá ń kàwé, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a bá fò, ká má padà lọ bá a. Ó ní kí ìka máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín ojú ewé, kí ojú máa tẹ̀ lé e, pé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìpínrọ̀ ni ọkà wà. Gbogbo àárín, háríhá ni. Àwa àgbààgbà mẹ́fà wá ń ṣí ìwé wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ bí ewúrẹ́ tó rí ẹ̀fọ́. Kò sẹ́ni tó bi wá ní ohun tí a kà. Mo gba sátífíkéètì, mo sì gbé e kọ́ ògiri.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Màmá fi ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin kan fẹ́ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá bèèrè: kí wọ́n má fọwọ́ kan ibojì ọkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbà. Ó gbé ìwé àdéhùn wá, ewé mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, pẹ̀lú tàdáwà tí Màmá yóò fi tẹ̀ka, torí kò lọ sílé ìwé.

Mo fi ìka gbá ìwé náà láti òkè délẹ̀. Màmá ń bó obì lọ́wọ́. Kó tó bó o tán, mo ti kà á tán. Mo ní ó dáa, kí Màmá tẹ̀ka.

Ó ti ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà kó tó wojú mi.

"Akọ̀wé, n kò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ní ojú ni wọ́n fi ń kà á báyìí.

"Etí ni èmi fi ń kàwé. Jẹ́ kí ètè rẹ mì."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, mo ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ewé kẹrin, nínú háríhá gan-an, mo bá a: ohun gbogbo tó wà lórí ilẹ̀ náà, títí kan ibojì, ni wọn yóò wó, tí wọn yóò sì tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Mo tún un kà sókè. Ọkùnrin náà ní àṣìṣe ẹni tó tẹ ìwé ni.

Màmá kò bá a jà. Ó rọra nu àtàǹpàkò rẹ̀ sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi títí tàdáwà fi tán, ó ní kí n lọ gbé ìyẹn náà kọ́ ògiri.

Ibojì náà ṣì wà. Orí rẹ̀ ni Màmá ń jókòó sí ṣa ẹ̀wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé mìíràn dé. Èmi wà níbẹ̀ o, àmọ́ ìyá aránṣọ ojúlé kejì, tó ń fi ètè ṣa ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, ni Màmá ní kí wọ́n pè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ àtàǹpàkò tiyín ló wà nínú tàdáwà, ta ni ẹ óò gbé ìwé náà fún nínú àwa méjèèjì?