Ọmọ Mọ́kànlélógún àti Ààbọ̀ ti Tíṣà Josiah

Ọjọ́ tí Tíṣà Josiah bẹ̀rẹ̀ sí ka ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo abúlé gbà pé ìwé ti fẹ́ da orí rẹ̀ rú. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kò gbójú sókè rárá. Bí àwọn ọmọ ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń sọ òkúta wẹ́wẹ́ sínú igbá, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì.

Mùsílímátù, ìyá Ìyàndá, ń ru omi kọjá. Ó dúró.

"Tíṣà, kí lẹ ń kà níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ẹsẹ̀ lásán ni, ìyá Ìyàndá. Mi ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni."

Mùsílímátù gbé omi rẹ̀ lọ. Ní abúlé náà, tí kò jìnnà sí Akanran, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka ọmọ lójú ìyá wọn. Ìyá tó bá gbọ́ iye àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ikú ni yóò rò pé wọ́n ń pè wá sílé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ṣe òfin kankan lórí ẹsẹ̀.

Yésúfù alùfáà, tí ilé kéwú rẹ̀ dojú kọ ilé ẹ̀kọ́ Josiah, ń wò ó láti orí awọ àgùntàn tó jókòó lé. Nígbà tí Josiah ka òkúta tán, ó tún un kà, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́tàlélógójì ni.

"Tíṣà, ẹsẹ̀ kan ti sọnù," ni Yésúfù wí.

Kò sọnù. Ẹ̀gún ló gún Ìyàndá ní oko lánàá, ẹsẹ̀ kan ló fi ń tọ wọlé, ó fọwọ́ di ìkejì mú. Yésúfù ní kí Josiah ju òkúta kan sí i, kí ọ̀rọ̀ parí. Josiah fárígá.

"Ohun tí mo rí ni màá kọ. Bí mo bá fi ọ̀kan kún un lónìí, ta ni yóò gbà mí gbọ́ lọ́la?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí Josiah kọ wọ ọkọ̀, ó la òkun kọjá, ó sì sọ fún àwọn òyìnbó pé Tíṣà Josiah ń kọ́ ọmọ mọ́kànlélógún àti ààbọ̀.

Ọdún kẹta rèé tí Josiah ti kú, síbẹ̀, bí àwọn obìnrin bá jókòó ti ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó, ẹnìkan á dárúkọ ààbọ̀ ọmọ, ẹ̀rín á sì pa wọ́n. Yésúfù náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kì í pẹ́, torí òun nìkan ló mọ ohun tí ọkùnrin náà ń wá.

Sàró ni Josiah. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ìlú Sàró ni àwọn òyìnbó ti dá a sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, nígbà tó sì padà wá, ìlú tí wọ́n bí i sí ti di igbó. Kò bá ẹnikẹ́ni. Àwọn oníwàásù ní kó máa kọ́ ọmọ àgbẹ̀ lábúlé yìí, ó sì ń kọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú láyé: pé ọmọ tó bá fi èdè ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà yóò tètè mọ̀wé ju èyí tó fi èdè òyìnbó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìwé kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ nílùú òyìnbó fún àwọn olùkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló ń jáde. Josiah fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, kí ẹnìkan tó mọ̀wé kà á, kó sì dá a lóhùn pé òótọ́ ni, tàbí pé irọ́ ni. Ní gbogbo abúlé, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó ń kọ. Yésúfù mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n ti Lárúbáwá ni.

Torí náà, ẹnu ni Josiah fi ń kà á fún un lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Bó bá kà á tán, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

"Ìwọ náà gbà, àbí o ò gbà?"

"N ò gbà," ni Yésúfù máa ń wí. "Kí ọmọ kọ́kọ́ há a sórí. Ìtumọ̀ á dé lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ọdún mélòó ni ìtumọ̀ fi dé?"

"Ó ṣì ń bọ̀."

Josiah pinnu láti fi hàn án. Ó pín àwọn ọmọ sí méjì. Ó kó àwọn kan sábẹ́ igi odán, kí wọ́n máa fi èdè wa kàwé. Ó kó àwọn yòókù sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ bó ṣe fẹ́ títí àgbálùmọ̀ fi pọ́n. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó kù lábẹ́ odán àfi ewúrẹ́ Mùsílímátù. Àwọn ọmọ kéwú Yésúfù pàápàá fi wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, sílẹ̀, wọ́n lọ ń pariwo A, B, C lábẹ́ àgbálùmọ̀, ẹnu wọn kún fún kóró.

"Wò ó fúnra rẹ," ni Yésúfù wí tayọ̀tayọ̀. "Ti òyìnbó ni wọ́n fẹ́!"

Josiah kò purọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ní oṣù yìí, gbogbo ọmọ fẹ́ràn èdè òyìnbó gidigidi. Ìdí rẹ̀ dùn lẹ́nu."

Ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì tó ọdún kan kí èsì olóòtú ìwé àwọn olùkọ́ náà tó dé. Olóòtú náà fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ààbọ̀ ọmọ. Ó ní ọgọ́ta ewé tàkàdá ti pọ̀ jù, kí Josiah gé e sí méjìlá. Ó ní kó má kọ nǹkan sẹ́yìn tàkàdá mọ́, iwájú nìkan ni kó máa kọ. Ó sì ní kó yọ ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ dànù, kó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dun Josiah jù. Nínú ewé mẹ́rin náà ló ti kí olóòtú, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ àti àwọn àgbà ilé, ó kí wọn kú òtútù, ó sì kí wọn kú iṣẹ́ ìwé títẹ̀.

"Yésúfù, mo fẹ́ wọ ilé onílé, wọ́n ní kí n má kí wọn."

Yésúfù mi orí. Ó bú olóòtú náà fún un díẹ̀, kí ara lè tu ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ewé tàkàdá kan tí Josiah ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ, ó yí i padà, ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ wàláà nílé kéwú rẹ̀ láti tún un lò, kò rí irú èyí rí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ lófo."

"Lófo? Kí wọ́n fi ṣe kí ni?"

Josiah ronú fún ọjọ́ méjì. Níkẹyìn, ó kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú, ó sì kọ gbogbo ìkíni náà sẹ́yìn. Ó ní òun kò rú òfin: ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kóun má kọ síbẹ̀, ìkíni kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀.

Gígé ló gba àkókò. Kò fẹ́ yọ ọmọ kankan kúrò. Bó bá fa ìlà sórí gbólóhùn kan, á kọ́kọ́ kà á fún Yésúfù, Yésúfù á ní kó fi sílẹ̀, wọn á sì jà. Àlàyé lórí Ìyàndá nìkan gba ewé méjì, nítorí Josiah sọ irú ẹ̀gún tó jẹ́, ibi tó ti wọlé, àti ẹni tó bá a yọ ọ́. Ní àkókò yìí ìyàwó Yésúfù ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti bá ogun lọ sí Ìjàyè. Ìjà ọ̀sán yìí ló ń mú un jí láàárọ̀, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ náà parí, ewé méjìlá géérégé. Ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà òkun. Josiah fi awọ wé e, ó sì fi sínú àpótí. Nínú ọyẹ́ ni ibà mú un. Ní ọjọ́ kẹta, Yésúfù jókòó tì í, ó ń fún un ní omi gbígbóná. Josiah la ojú.

"Ìwọ náà gbà, àbí o ò gbà?"

"N ò gbà," ni Yésúfù wí. Ó rò pé àríyànjiyàn á gbé e dìde, bó ṣe máa ń gbé e dìde tẹ́lẹ̀.

Josiah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa," ló wí. Kò rí ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ọ̀nà ṣí díẹ̀, Yésúfù fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbàdàn, ó gbé ìwé náà fún akọ̀wé tó wà nílé àwọn oníwàásù. Akọ̀wé náà tú u, ó wò ó.

"Bàbá, ta ló kọ ọ́?"

"Josiah ni. Ó ti kú."

"Olóòtú á fẹ́ bèèrè nǹkan o. Orúkọ ta ni kí n kọ, kí èsì lè rí ibi gbà?"

"Kọ Yésúfù."

"Ṣé ẹ mọ̀wé?"

"Mo mọ̀wé."

Akọ̀wé yí ewé kan sí i. "Ẹ bá mi ka ìlà yìí."

Yésúfù wò ó pẹ́. "Ti èyí kọ́," ló wí. "Kí èsì tó dé, màá ti mọ èyí náà."

Àbíkẹ́ ló ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Josiah kọ́kọ́ kọ́ ni, ó ti di ìyàwó ilé. Ẹnu yà á nígbà tí Yésúfù wọlé pẹ̀lú láwàní lórí, tó lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bó ṣe mọ̀ ọ́n ló ṣe é: ó há gbogbo rẹ̀ sórí láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń mi ara bó ti ń kà á.

"Bàbá Áfáà, ẹ dúró ná. Kí lẹ kà yẹn?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe ńbẹ̀."

"Ẹ fi ìka sí i, kẹ́ ẹ pè é díẹ̀díẹ̀."

"O... mi. Omi." Ó tún un pè. "Omi ni wọ́n kọ síbí?"

"Omi ni, Bàbá."

Yésúfù dá ìka padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà.

Èsì kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún tó ti ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ Àbíkẹ́, Yésúfù ṣí àpótí Josiah. Èdè wa ni Josiah kọ́kọ́ máa ń fi kọ nǹkan kó tó yí i sí ti òyìnbó, ẹ̀dà ti èdè wa sì wà níbẹ̀. Yésúfù gbé e jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín níbi àgbálùmọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà níbi kan. Lórí ewé kẹsàn-án ló ti bá orúkọ ara rẹ̀ pàdé, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ́ kó tó kà á tán:

"Yésúfù alùfáà, ọ̀rẹ́ mi, kò gbà. Ó wù mí kí òun gbà ju kí olóòtú gbà lọ."

Àwọn ọmọ ti lọ sílé, Àbíkẹ́ ti ti ilẹ̀kùn. Yésúfù kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣófo náà.

"Mo gbà," ló wí.

Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè.