Àmì Pupa Àárín Ìwé Íńdíà

Inú mi ò dùn rí nídìí iṣẹ́ bíńdìn tó ti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù ò sì bà mí rí tó bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókókómáíkò, ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo sábà máa ń dì, àti Bíbélì tàbí Kùránì tó ti já. Àfi bí Dókítà Bísọ́lá, tó ń bójú tó mùsíọ̀mù kékeré kan ní Ọ̀jọ́, ṣe ránṣẹ́ pè mí, tí mo sì lọ bá a níbẹ̀.

"Màmá Tósìn, ìwé kan tú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ pàtẹ ẹ̀. Ẹ bá wa rán an."

Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e. Ìwé ẹ̀sìn àfọwọ́kọ láti Íńdíà ni. Ewé rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, góòlù sì ń dán lára àwọn àwòrán ibẹ̀. Mo pariwo, "Yéè! Ọwọ́ èèyàn ló ṣe èyí?"

Àmì pupa róbótó wà láàárín ewé kọ̀ọ̀kan. Àwa oníbíńdìn náà máa ń fi báírò pupa sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, nítorí náà mo ní ẹni tó kọ ọ́ ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Pé àmì ọ̀hún wà láàárín dípò etí, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Mo gbé òòlu, irin ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò, lé àmì àkọ́kọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ n'Íbà ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n máa ń jágbe mọ́ mi pé, "Oníwàǹwára, ṣí i wò tán ná!" Mo gbé òòlu sílẹ̀, mo ń ṣí ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwájú ewé, àwòrán ẹnì kan jókòó dáadáa. Lẹ́yìn ewé náà, àwòrán tó wà níbẹ̀ dorí kodò. Bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn.

"Dókítà, ẹ wá wò ó. Gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ló dorí kodò."

"Àbí ẹ ti dà á rú ni?"

"Rárá o. Ẹ wo ọwọ́ mi." Mo mú ewé kan nísàlẹ̀, mo ṣí i sókè bí ẹni ń ṣí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Orí padà sókè. "Ìwé yìí ò tú. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, wọn ò rán an rí; kò sí ihò abẹ́rẹ́ kankan lára ẹ̀. Mi ò ní lù ú."

Ojú rẹ̀ yí padà, torí ó ti sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé a máa dì í. Síbẹ̀ ó fi fídíò pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Íńdíà tó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ṣàlàyé pé imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí láyé àtijọ́, okùn sì máa ń gba ihò àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí pépà dé, wọn ò lu ihò mọ́, wọ́n kàn ń fi pupa kun ibi tí ihò ìbá wà fún ẹwà. Mo ti òòlu mi jìnnà sí ìwé náà.

Bàbá náà wá sún mọ́ kámẹ́rà rẹ̀. Ó béèrè bóyá a ti lu ihò kankan sí i. Dókítà kọjú fóònù sí mi.

"Ẹ dá wọn lóhùn, Màmá."

Mo dìde dúró, mo da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá tí bàbá ò gbọ́, mo sì fi gbogbo agbára kígbe:

"No hole, sir! Ẹyọ kan ò sí!"