Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Láàárín àwọn páálí ọṣẹ ni mo ti máa ń gba ohùn mi sílẹ̀. Ìyá mi ń ta ọṣẹ àti èlò ilé ní Lagos Town, àdúgbò kan ní Accra ní Ghana, yàrá kékeré kan sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n ń kó ọjà sí. Páálí máa ń gbé ariwo mì. Bí mo bá jókòó sáàárín wọn, ohùn mi kì í dún bíi ti ẹni tó wà nínú kòkò òfìfo. Ohun tí n kò rí páálí fi bò ni àyà mi tó ń já. Bí mo bá tún ohùn náà gbọ́, mo máa ń rí i pé mò ń yára jù, mo sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín kò sí.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde ní yunifásítì ni a dá ẹgbẹ́ pọ́díkáàsì wa sílẹ̀, ètò àfetígbọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ètò mẹ́ta ni a ní: ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Twi, èyí tó kéré jù ní Yorùbá. Tèmi nìyẹn. Ọmọ Ga, ẹ̀yà onílẹ̀ Accra, ni ọ̀rẹ́ mi, òun ló sì ń bójú tó ìkànnì wa àti iye ènìyàn tó ń gbọ́ wa. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Madina, lẹ́bàá Accra, ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ìlà ti Gẹ̀ẹ́sì ń gòkè, ti Twi ń gòkè. Tèmi sùn gbalaja.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń gbọ́ ẹ?" ló wí. "Mi ò rí ẹni tó ń dá ẹ lóhùn."

"Wọ́n ń gbọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ni."

"Ẹ̀yin Alata, kí ẹ má sọ̀rọ̀? Irọ́ ni."

Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé ẹnì kan ní Kumasi ti ń bẹ̀ ẹ́ fún àyè láti ṣe ètò tirẹ̀. Bí n kò bá lè fi àwọn olùgbọ́ tó ń fèsì hàn án kí a tó pàdé lórí ètò tuntun, àyè mi ni yóò fún onítọ̀hún. Kò bínú bó ti ń sọ ọ́. Ìyẹn ló tilẹ̀ mú un burú, torí n kò rí nǹkan kan tí mo lè fi bínú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń dùn mí, kó má dà bíi pé ètò lásán ni. Accra ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ Yorùbá torí pé ìyá mi kò gbà kí n fi èdè mìíràn dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹni tó ń fi í bi mí ní ìbéèrè. Inú ètò yẹn nìkan ni iṣẹ́ mi àti èdè ilé wa ti ń pàdé. Bí wọ́n bá tì í, ó dà bíi pé wọ́n sọ fún mi pé èdè náà kò wúlò ju kí a fi ta ọṣẹ lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ mi ní lọ́kàn nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ nìyẹn.

Mo bá bẹ àwọn olùgbọ́. Mo ní kí wọ́n fi ohùn wọn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, kí kálukú sọ àṣìṣe kóòdù tó dà á láàmú jù. Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́! Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n ohùn kọ̀ọ̀kan gùn. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ètò. Ẹ kú ìnáwó dátà. Ẹ kú ìfaradà iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹnì kan kí ìyá mi pé wọ́n kú ọjà, wọ́n kú ìtọ́jú ọmọ. Gbogbo àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa ló sì máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè bẹ̀rẹ̀, olùgbọ́ á sá. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á sá, mo bá gé gbogbo ìkíni kúrò.

Ohùn tó dára jù wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Tema, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹnì kan ti gbé oṣù sí ipò ọjọ́ nínú kóòdù wọn, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé ọkọ̀ kan ti gúnlẹ̀ kó tó ṣí kúrò níbi tó ti ń bọ̀. Ìkíni tirẹ̀ ló gùn jù, ni mo bá gé e títí ó fi ku: "Ọkọ̀ náà ti dé kó tó gbéra." Mo fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ètò. Mo rò pé mo ṣe é dáadáa.

Nígbà tí ètò náà jáde, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, ìlà ọ̀rọ̀ tín-ín-rín kan yọ nínú ẹgbẹ́ àwọn olùgbọ́ wa lórí Wọ́sáàpù: ẹ̀gbọ́n Tema ti jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí. Bóyá ohùn náà kò já geere. Bóyá ọ̀gá rẹ̀ ti gbọ́, wọ́n sì fẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí mi. Èyí ni mo rò jù. Mo gbé wààkyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, síwájú, mò ń wo fóònù.

"Fóònù yẹn ò ní sá lọ," ni ìyá mi wí. "Wààkyè ló ń tutù."

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo pe ẹ̀gbọ́n Tema.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú—"

"Háà! O mọ ìkíni ṣe báyìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Mo fi ètò yẹn ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n pe ará ilé jọ, kí wọ́n wá gbọ́ ohùn ọmọ wọn láti Ghana. Mo kí bàbá mi nínú ohùn yẹn, àbí mi ò kí wọn?"

"Ẹ kí wọn, sà."

"Ìkíni ọ̀hún dà?"

Mo ní mo gé e kúrò ni.

"Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọkọ̀ ti dé. Mi ò kí bàbá, mi ò kí ìyá, mo kàn já wọlé bí agbowó orí. Bàbá mi pè mí, wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà ní Ghana nìyẹn. Níṣojú àwọn ìyàwó ilé!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé olùgbọ́ máa ń sá bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́.

"Ẹni tó máa sá yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n? Èmi tí o mọ̀, mo ti lọ."

Mo bi í bóyá kí n dá ìkíni náà padà. Ó ní bó bá ti wù mí, ṣùgbọ́n kí n má dá tirẹ̀ nìkan padà, kí n dá ti gbogbo wọn padà. Lẹ́yìn náà ló gé ìpè.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, ìdààmú mi sì pọ̀ sí i. Bí ọ̀rẹ́ mi bá gbọ́ ètò tó kún fún ìkíni bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dá a dúró tí kò fi ní tì í? Mo fi àmì síbi tí ọ̀rọ̀ kóòdù ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kánjú lè fò débẹ̀. Mo tọrọ àforíjì níbẹ̀rẹ̀, mo kí àwọn olùgbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì tún un gbé jáde.

Mo wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ sí Madina fún ìpàdé wa. Ọ̀rẹ́ mi ti gbọ́ ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá.

"Kí ni wọ́n ń sọ láti òwúrọ̀?"

"Wọ́n ń kíni."

"Kó tó kan kóòdù?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí àga mú. "Alata!"

Mo fi fóònù mi hàn án. Àwọn olùgbọ́ ti ń dá ìkíni ara wọn padà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti oṣù. Mo tún jẹ́ kó gbọ́ ohùn kan tí ẹ̀gbọ́n Tema fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, láìfi ọ̀rọ̀ kankan tì í. Ohùn bàbá rẹ̀ ni: "A gbọ́ ìkíni yín o. A ò mọ ohun tí ẹ ń pè ní kóòdù, ṣùgbọ́n ẹ rọra máa wo oṣù."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ṣé bàbá yìí ń kọ kóòdù ni?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé kò sí lára àwọn tí à ń ṣe é fún." Ó tún tẹ ohùn náà, ó gbọ́ ọ tán. "Ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹ lóhùn. Máa bá a lọ. Màá wá àyè fún ti Kumasi níbòmíràn."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Mo tún bi í.

"Chale, máa lọ sílé."

Nínú trotro tí mo wọ̀ padà, mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n Tema. Mo kí i, mo kí bàbá rẹ̀, mo sọ fún un pé wọn kò ní ti ètò náà mọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó padà sínú ẹgbẹ́. Ó dáhùn pé: "Ó dára." Kò tíì padà títí di òní. Bí ètò bá ti jáde, mo máa ń fi í ránṣẹ́ sí i fúnra mi, àmì pé ó ti rí i á sì yọ. N kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ ọ. Mo ti fẹ́ bi í léraléra, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè sọ òótọ́ fún mi.