Ẹsẹ̀ Ṣìnkáfá Lásìkò Òjò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé ò tíì kún Life Camp tó báyìí, òjò kì í ṣú kí àyà mi má já. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà ní Àbújá, ẹ rántí bá a ṣe ń sá jáde lọ wẹ òjò. Èmi kì í bá wọn lọ. Ẹsẹ̀ ẹṣin kan ni mò ń rò.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ilé tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ni wọ́n bí wọn sí, iṣẹ́ yẹn náà ló sì gbé wọn dé Àbújá. Wọ́n ń tọ́jú abo ẹṣin kan fún ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ilé ọ̀gá náà la sì ń gbé. Ọ̀gá sọ ẹṣin náà ní Ṣìnkáfá, ìyẹn ìrẹsì lédè Hausa, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Kí n tó lọ síléèwé, èmi ni mo máa ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀, tí n ó sì gé koríko fún un. Bí mo bá gbé mása tí màmá mi rà fún mi sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àbúrò mi lọ, ẹ má sọ fún wọn o.

Àmọ́ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, awọ ẹsẹ̀ yẹn á là, á máa ṣomi, èépá á bò ó. Bàbá mi á mú ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, wọ́n á fọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n á tún fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n á bó èépá náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Èérí ni wọ́n gbà pé ó ń fa ohunkóhun tó bá ń jẹ awọ. Èmi ni mò ń pọn omi. Ọjọ́ tí mo lọ fo suwé tí mo gbàgbé omi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ lókè, títí apá fi ń ro mí. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ló ń burú sí i.

Lọ́dún kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì wú. Ọ̀gá wò ó, ó ní kai, ọdọọdún kẹ̀? Ó ní òun ń lọ sí Kaduna, bí òun bá dé tí kò tíì jinná, kí àwọn alápatà wá mú un. Bí ọkọ̀ bá ti dún lẹ́nu géètì, màá sáré lọ wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Lásìkò yẹn náà, bàtà kánfáàsì iléèwé mi ò gbẹ mọ́, omi wá ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. Màmá mi ń fi àkísà gbígbẹ nu àárín ọmọ ìka mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí bàbá mi gbé garawa kọjá lọ sọ́dọ̀ Ṣìnkáfá. Màmá mi gbójú sókè. Wọ́n ní, “Bàbá Rámọ́tà, ẹsẹ̀ tí omi ń jẹ lẹ tún ń rọ omi lé?”

Bàbá mi dúró. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ti ẹṣin, wọ́n gbé garawa sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, a ò fọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá tẹ ẹrọ̀fọ̀, a máa dúró kó gbẹ ká tó gbọ̀n ọ́n dànù. A lọ kó èérún pákó lọ́dọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní Gwarinpa, a tẹ́ ẹ síbi tó ń dúró sí. Àdí la fi ń pa èépá náà kó lè rọ̀, kó já fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ náà. Mo di ìró màmá mi mú. Ṣìnkáfá ò fa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ní kó ṣì wà ná. Kò sọ pé òun ò ní tà á láéláé, torí náà ọdọọdún ni àyà mi tún ń já, tí mò ń yẹ ẹsẹ̀ yẹn wò láàárọ̀ lálẹ́. Ogbó ló padà pa á, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Lóde òní, ilé alájà ló wà níbi tá a ti ń gé koríko. Ẹni tó bá ní ẹṣin á tẹ dókítà ẹran láago, wọ́n á gbé oògùn wá. Àwọn ọmọ mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ẹṣin rí. Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ní Gwarinpa ni wọ́n wà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọn ò rántí mọ́. Lánàá tí òjò rọ̀, wọ́n pè mí láti inú yàrá.

“Rámọ́tà, ṣé ibi tí Ṣìnkáfá wà gbẹ?”

Mo ní, “Ó gbẹ, Bàbá mi.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sùn.