Orúkọ Mi ni Ráfátù Fi Bímọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ bú mi. Ó tọ́ sí mi.

Ará Kétu ni Ráfátù, lọ́hùn-ún nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọdún mẹ́ta la jọ fi rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. A máa ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á ní Yorùbá tòun gan-an ni ojúlówó!

Nígbà tó tún lóyún, ẹnì kan sọ fún wa pé ọsibítù ìjọba kì í gba àlejò, pé ẹni tí kò bá ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti Nàìjíríà, kó má wulẹ̀ lọ. Ṣé a lọ béèrè? A ò béèrè! Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo gbé káàdì ọsibítù mi fún un. Kò kúkú ní fọ́tò. Mo kọ́ ọ ní ọjọ́ ìbí mi, mo kọ́ ọ pé tí wọ́n bá béèrè, kó ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lòun bí àkọ́bí òun, bí èmi ṣe bí tèmi. Ó há a sórí bí ọmọ iléekéwú.

Ọ̀sán Jímọ̀ ló rọbí, èmi ni mo gbé e lọ. Ó bí ọmọkùnrin. Alihamudulilai! Àṣé ẹ̀jẹ̀ ò dá.

Nọ́ọ̀sì sáré jáde: "Àwọn ẹbí Sàkírátù dà?"

Èmi ni Sàkírátù! Mo dìde lọ bá a. Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ti ya á bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀. Mo ní rárá. Ẹ gbọ́ mi o, ara tèmi ni mò ń sọ! N ò bi Ráfátù léèrè rí nípa tirẹ̀.

Kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu, Ráfátù ti lọ.

Ìyá rẹ̀ dé láti Kétu lọ́jọ́ kejì. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀jẹ̀ pa á nígbà àkọ́bí, pé dókítà ibẹ̀ kìlọ̀ fún un kó máa sọ ọ́ níbikíbi tó bá ti fẹ́ bímọ. Mo lọ jẹ́wọ́ fún mátíróònù. Ó káwọ́ lérí. Ó ní àwọn kì í lé aboyún, ibi yòówù kó ti wá, pé ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá ti pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá yẹn gbé ìwé ìbí ọmọ náà fún mi, èyí tí wọ́n ti kọ kí n tó jẹ́wọ́. Kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á tán: Sàkírátù ni wọ́n kọ síbi orúkọ ìyá ọmọ.

Ó wò mí lójú. Ó ní, "Orúkọ ọmọ tèmi ńkọ́?"



Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì yín. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn dé ọsibítù, kí ẹ béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tí ẹ̀rù àìní ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè lọ rí dókítà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí, mo fẹ́ kà á. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín léèrè, ara tiyín ni kẹ́ ẹ sọ.